Òṣìṣẹ́ Oko Àjèjì ní Amẹ́ríkà: Kí Ni Ìwúlò Ẹ̀tọ́ Tí Ẹni Tó Ni Ín Kò Lè Bèèrè Fún?

Lọ́dọọdún, àwọn àjèjì tí iye wọn ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ ń gba ìwé ìwọ̀lú onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H-2A láti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Amẹ́ríkà. Mexico ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Tòmátò Florida, àlùbọ́sà Georgia, tábà North Carolina, ápù ìpínlẹ̀ Washington àti ewébẹ̀ California, ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá kó tó dé ọjà. Ní ọdún 2005, àyè iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lábẹ́ ètò yìí kò tó 50,000. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti ju 370,000 lọ. Ètò tí wọ́n fi ṣe àfikún lásán nígbà kan rí ti di òpó tó gbé ilé ró.

Síbẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ náà ti ń jiyàn láti ọdún pípẹ́ lórí ààbò tó yẹ kí òfin fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, wọn kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Ariwo pọ̀ lórí iye owó wákàtí, lórí iye ìwé ìwọ̀lú tó yẹ kí ìjọba fọwọ́ sí, àti lórí ẹni tó yẹ kó gba ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: kí òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀gá tó ń rẹ́ ẹ jẹ sílẹ̀, àti kí ó lè fúnra rẹ̀ gbé ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Bí òfin kò bá fún un ní méjèèjì yìí, gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù wà lọ́wọ́ ọ̀gá láti fún un tàbí láti fi dù ú.

Lórí ìwé, ètò H-2A kò burú. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti wá ọmọ onílẹ̀ síṣẹ́ náà, òun kò rí. Ó gbọ́dọ̀ pèsè ilé lọ́fẹ̀ẹ́, kó san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún ẹni tó bá parí àdéhùn, kó sì fún òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ tí kò dín sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí tí àdéhùn là kalẹ̀; bí iṣẹ́ kò bá sí, kó san owó rẹ̀. Ìjọba tún máa ń kéde iye owó wákàtí kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí agbanisíṣẹ́ má baà fi owó pọ́ọ́kú tó ń san fún àjèjì ba ọjà jẹ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní California lọ́dún 2024, dọ́là 19.75 ni, nígbà tí owó wákàtí tó kéré jù lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ kò tíì kúrò lójú dọ́là 7.25 láti ọdún 2009. Ẹni tó bá ka èyí nìkan yóò béèrè pé kí ni wọ́n tún ń jà sí.

Ohun tí wọ́n ń jà sí ni okùn tí wọ́n fi so òṣìṣẹ́ mọ́ agbanisíṣẹ́. Orúkọ agbanisíṣẹ́ tó kọ̀wé béèrè fún un ni ìwé ìwọ̀lú rẹ̀ rọ̀ mọ́. Kò lè ṣàdédé kúrò lóko kan bọ́ sí òmíràn, àfi bí agbanisíṣẹ́ mìíràn tó ní àṣẹ bá kọ̀wé sí ìjọba nítorí tirẹ̀. Bí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé ni. Ọ̀gá yìí kan náà ló ni ilé tí ó ń sùn, òun ló sábà máa ń ni ọkọ̀ tó ń gbé e lọ ra oúnjẹ, òun ni yóò sì pinnu bóyá yóò tún ránṣẹ́ pè é ní ọdún tó ń bọ̀. Òfin kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé tó jìnnà sí ojú olùbẹ̀wò, àwọn alárinà ń gbà á. Ọ̀pọ̀ ni ó ti wọ gbèsè kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìran Yorùbá kò nílò atúmọ̀ èdè láti mọ irú ìgbé ayé yìí. Ìwọ̀fà ni àwọn baba ńlá wọn ń pè é: ẹni tó ń fi agbára rẹ̀ sin olówó nítorí gbèsè. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ jẹ́ ọmọ bíbí inú ìlú. Ó ní ẹbí tó lè gbẹnu sọ fún un níwájú baálẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá sì le koko jù, wọ́n lè lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí wọ́n fi san ti àkọ́kọ́, kí ó sì máa sin ẹni tuntun. Òṣìṣẹ́ H-2A kò ní ẹbí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún un láti pààrọ̀ ọ̀gá. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú, tó ń gbé ní àárín oko tó jìnnà sí ìgboro, tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1935, nígbà ìjọba Franklin Roosevelt, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fi ohùn kan bá ọ̀gá dúnàádúrà. Ní 1938, òmíràn tẹ̀ lé e, tó fi ìdí owó tó kéré jù àti owó lé fún iṣẹ́ àṣekún múlẹ̀. Òfin méjèèjì yọ òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀. Àwọn aṣòfin láti ìhà gúúsù, tí Roosevelt nílò ìbò wọn, kò fẹ́ kí òfin kankan dúró sí àárín onílẹ̀ àti àwọn aláwọ̀ dúdú, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú, tí wọ́n pọ̀ nídìí iṣẹ́ oko níbẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n tó ṣe àtúnṣe tó mú owó tó kéré jù dé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ oko. Títí di òní, òfin ìjọba àpapọ̀ kò pa á láṣẹ kí wọ́n san owó lé fún wọn bí iṣẹ́ bá kọjá 40 wákàtí lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dáàbò bo ẹgbẹ́ wọn. Àwọ̀ ẹni tó ń kórè ti yí padà, àlàfo inú òfin kò yí padà.

Láàárín 1942 sí 1964, ètò Bracero kó àwọn ará Mexico wá síṣẹ́ oko lábẹ́ àdéhùn tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó wọn pamọ́, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà fún wọn nígbà tí wọ́n bá délé. Ọ̀pọ̀ wọn kò fojú kan owó náà. Àdéhùn wà, òǹtẹ̀ ìjọba méjì sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lásán lè gbà mú un ṣẹ. Nígbà tó di 1983, Kóńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin ààbò fún òṣìṣẹ́ oko tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn àti fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbà ìkórè. Òfin yìí ṣílẹ̀kùn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá bá purọ́ fún lórí owó, ilé tàbí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ àwọn tó wá pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú onígbà díẹ̀ sílẹ̀. Títí di òní, bí ọmọ onílẹ̀ àti àjèjì H-2A bá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ebè kan náà, tí ọ̀gá kan náà sì rẹ́ wọn jẹ lọ́jọ́ kan náà, ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹni àkọ́kọ́ ti fún ẹnì kejì. Ohun tó sábà máa ń kù fún àjèjì ni kó lọ pe ẹjọ́ àdéhùn ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀, tàbí kó dúró de olùbẹ̀wò iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn olùbẹ̀wò owó àti wákàtí iṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà kò sì tó 1,000, oko nìkan sì kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ wò.

Ohun tí èyí lè bí hàn gbangba ní ìparí ọdún 2021. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní gúúsù Georgia fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 24 pé wọ́n fi ètò H-2A kó àwọn ará Mexico, Guatemala àti Honduras wá, wọ́n sì sọ wọ́n di ẹrú. Ìwé ẹ̀sùn náà ní wọ́n gba owó tí kò bófin mu lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n gba ìwé ìrìnnà wọn, wọ́n mú àwọn kan fi ọwọ́ lásán hú àlùbọ́sà lábẹ́ ìhàlẹ̀ ìbọn, wọ́n sì ń san sẹ́ǹtì 20 fún garawa kan. Ọdún púpọ̀ ni ìwà yìí fi ń lọ kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe pé òfin tó ka irú rẹ̀ léèwọ̀ kò sí. Àwọn tí ìyà ń jẹ ni kò ní ibi tí wọ́n lè sá lọ láìpàdánù ìwé ìwọ̀lú tó mú wọn wá.

Kì í ṣe pé àwọn aṣòfin kò gbìyànjú. Zoe Lofgren ti ẹgbẹ́ Democrat láti California àti Dan Newhouse ti ẹgbẹ́ Republican láti ìpínlẹ̀ Washington, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, jọ gbé àbá òfin kan kalẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n sì tún fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2021 pẹ̀lú ìbò 247 sí 174. Àbá náà fi ọ̀nà ìwé ìgbélùú síwájú àwọn òṣìṣẹ́ oko tí kò ní ìwé, àwọn tó tó bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irúgbìn. Ó fún àwọn àgbẹ̀ ní ohun tí wọ́n ti ń tọrọ pẹ́: ìwé ìwọ̀lú fún iṣẹ́ tí kò mọ sí ìgbà kan nínú ọdún, bíi ti oko màlúù olómi wàrà, àti ìdènà tí kò ní jẹ́ kí owó wákàtí máa fò sókè lójijì. Ó fẹ́ dán ìwé ìwọ̀lú tí kò so òṣìṣẹ́ mọ́ ọ̀gá kan wò fún ìwọ̀nba ènìyàn. Ó sì fẹ́ mú àwọn òṣìṣẹ́ H-2A wọ abẹ́ òfin 1983. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tí César Chávez àti Dolores Huerta dá sílẹ̀ gbà á, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà gbà á. Kò wọ́pọ̀ kí ológbò àti eku jọ fọwọ́ síwèé kan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ó kú síbẹ̀. Michael Bennet láti Colorado gbé ẹ̀dà tirẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọn kò tilẹ̀ dìbò lé e lórí. Ìjà lórí ààbò ẹnubodè dá kún un. Ṣùgbọ́n ohun kan tí American Farm Bureau Federation, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, ta kò láìyẹsẹ̀ ni gbólóhùn tí yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ H-2A lè pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin 1983. Wọ́n lè jíròrò lórí owó àti lórí iye ìwé ìwọ̀lú; ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ ni wọn kò fẹ́ kó ṣí. Ibi tí àwọn alágbára kò ti fẹ́ kí ọwọ́ kan ni agbára òfin wà.

Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí ènìyàn gbọ́ tẹnu àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní èrè oko kò pọ̀, pé òjò àti ọ̀dá kì í dúnàádúrà, pé ọkọ̀ tó kó tòmátò wọlé láti Mexico kò mọ òfin owó wákàtí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní agbanisíṣẹ́ ń san owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ìwé kó tó rí èso kan já. Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ bá ṣí, àwọn agbẹjọ́rò yóò máa wá àṣìṣe kékeré inú ìwé láti fi gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò ní ìkà nínú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbẹ̀ alábọ́ọ́dé tó ń ta ọjà fún iléeṣẹ́ ńlá kì í sábà dá iye owó lé ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ra ọjà ló ń dá a. Bí ìnáwó bá gòkè, òun ni yóò kọ́kọ́ rù ú.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ yìí kò tó láti ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́. Láti ọdún 1983 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìgbà ìkórè ti ń lo òfin náà lórí àwọn oko yìí kan náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kò sì tìtorí rẹ̀ parun. Bí òfin bá ṣeé fara dà nígbà tí ọmọ onílẹ̀ ń lò ó, a jẹ́ pé ìwà àgbẹ̀ kọ́ ni ìyọkúrò àjèjì ń dáàbò bò. Èrè tó wà nínú gbígba ẹni tí kò lè pe ni lẹ́jọ́ ló ń dáàbò bò. Ẹni tí èyí sì ń pa lára jù ni àgbẹ̀ olóòótọ́. Ẹni tó san owó pé, tó tún ilé òṣìṣẹ́ ṣe, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ alárinà, òun àti ẹni tó ń san sẹ́ǹtì 20 fún garawa àlùbọ́sà ni wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà. Òfin tí kò ṣeé mú ṣẹ ń fìyà jẹ ẹni tó ń pa á mọ́, ó sì ń san ẹ̀san fún ẹni tó ń rú u.

Àwọn kan ní kò dìgbà tí Kóńgírẹ́ẹ̀sì bá ṣòfin, pé iléeṣẹ́ ìjọba lè fi ìlànà tirẹ̀ tún un ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 2024 dá wọn lóhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba Joe Biden gbé ìlànà tuntun jáde tó kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì dáàbò bo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, adájọ́ kan ní Georgia dá a dúró ní ìpínlẹ̀ 17 tó pe ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba Donald Trump kéde pé òun kò ní mú un ṣẹ mọ́ níbikíbi. Ìlànà tí ààrẹ kan kọ, ààrẹ mìíràn lè pa á rẹ́. Àwọn aṣòfin nìkan ló lè fún òṣìṣẹ́ ní ohun tí kò ní máa bá ìdìbò yí padà.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò dúró. California fún òṣìṣẹ́ oko ní ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ ní ọdún 1975. Ní 2016, ó ṣe òfin tó ń mú owó lé wọlé díẹ̀díẹ̀ fún iṣẹ́ tó bá kọjá wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ tàbí 40 lọ́sẹ̀. New York tẹ̀ lé e ní 2019. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn bí oyin: àwọn òṣìṣẹ́ kan ní California kérora pé ńṣe ni àwọn ọ̀gá dín wákàtí wọn kù kí wọ́n má baà san owó lé. Ní Florida, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ní 2024, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí kò jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kankan pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti pèsè omi, ibòji tàbí ìsinmi nítorí ooru. Ní Florida yìí kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tòmátò ní Immokalee ti bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ra ọjà ṣe àdéhùn pé wọn yóò fi sẹ́ǹtì kan lé owó páùn tòmátò kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì ní ra ọjà oko tó bá ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́. Ètò náà dúró nítorí pé òṣìṣẹ́ lè gbé ẹ̀sùn tirẹ̀ wá, ẹ̀sùn náà sì lè pa ọ̀gá lára. Ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹ̀tọ́ tó ní ẹni tó lè bèèrè fún un ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Britain mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ara wọn. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣí ọ̀nà ìwé ìwọ̀lú fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ta dúkìá, wọ́n yá owó, wọ́n san ọ̀kẹ́ àìmọye náírà fún alárinà, kí wọ́n tó dé ibẹ̀ tí wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí kò tó nǹkan. Orúkọ iléeṣẹ́ kan ni ìwé wọn rọ̀ mọ́. Bí ìjọba bá gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà nítorí ìwà jìbìtì, òṣìṣẹ́ tí wọ́n lu ní jìbìtì ni yóò ní 60 ọjọ́ láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ yàtọ̀, orílẹ̀-èdè yàtọ̀, okùn kan náà ni.

Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí wọ́n má ṣe dúró títí ìjà ńlá lórí ẹnubodè yóò fi parí, nítorí ìjà yẹn kò ní parí lónìí. Kí wọ́n yọ gbólóhùn méjì jáde, kí wọ́n dìbò lé wọn lórí lọ́tọ̀. Èkíní ni kí wọ́n pa ìyọkúrò inú òfin 1983 rẹ́, kí àjèjì àti ọmọ onílẹ̀ lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kan náà wọlé. Èkejì ni kí òṣìṣẹ́ H-2A lè lọ sọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ mìíràn tó ní àṣẹ láàárín àkókò ìwé rẹ̀, láìdúró de kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé tuntun nítorí rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó fi ẹyọ ènìyàn kan kún iye àwọn tó ń wọlé. Kò sí èyí tó fi kọ́bọ̀ kan kún ìnáwó àgbẹ̀ tó ń pa àdéhùn rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ wọ́n méjèèjì, kí wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n kọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Wọ́n kọ̀ kí ẹni tó ń kórè fún wọn lè dúró níwájú adájọ́ kó ní: owó iṣẹ́ mi dà?